Ohun Tí Mo Sọ Nípa Jáàsì Kí Iná Tó Lọ

Mo ti sọ ọ́ ní Kámpọ̀s, mo sọ ọ́ ní Òkè Pópó,
mo sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù Lásárù Médérọ̀sì tí ń tún rédíò ṣe,
pé orin ìgbàlódé, omi inú ọ̀rá ni:
o fi eyín já a létí, o fà á mu,
o ju ọ̀rá sí gọ́tà.
Jáàsì ni omi kànga.
O ní láti dúró, kí o bẹ̀rẹ̀, kí o fa okùn,
okùn á bó ọ lọ́wọ́,
o ò sì ní mọ̀ bóyá omi wà nísàlẹ̀
àfi tí o bá gbọ́ "gbúlú".

Médérọ̀sì ò gbé ojú kúrò lára wáyà tó ń jó:
"Ta ni òùngbẹ pa rí
níbi tí wọ́n ti ń ta omi inú ọ̀rá?"

Ẹ gbọ́ mi síbẹ̀.
Ọmọkùnrin inú orin tuntun yẹn
pe orúkọ ọmọge nígbà mẹ́rìndínlógún
(mo kà á),
orin parí, mi ò mọ̀ bóyá ọmọge náà láyà,
bóyá ó máa ń hanrun tó bá sùn.
Ṣùgbọ́n jáàsì dà bí ẹni tí ìyàwó rán lọ ra iyọ̀,
tó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí lọ,
tó yà kí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti kú,
tó bá ọ̀sà sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Márínà,
tó padà dé lálẹ́ láìsí iyọ̀ lọ́wọ́,
tí ọbẹ̀ sì dùn.

Kí n jẹ́wọ́ o.
Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ mi orí sí i
ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Yábàá.
Mo di ojú, mo ń mi orí,
ọkàn mi wà lọ́dọ̀ owó ọkọ̀ tí yóò gbé mi kọjá afárá.
Àwọn ọ̀mọ̀wé ń mi orí ni mo ṣe mi tèmi.
Ọdún méje ni mo fi parọ́ fún etí ara mi,
títí di alẹ́ tí afọnfèrè kan,
bàbá tó ti fẹ̀yìntì ní réluwéè,
eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ,
ṣi ohùn kan fọn, tí gbogbo wa gbọ́ ọ.
Kò tọrọ àforíjì.
Ó tún un ṣì, bákan náà gẹ́lẹ́,
ó ṣì í lẹ́ẹ̀kẹta,
àṣìṣe di ojú ọ̀nà, ó gba orí rẹ̀ lọ sílé.
Ọjọ́ náà ni etí mi ṣí.
Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú orin tí ẹ̀rọ ti tún ọ̀fun ṣe
kí olórin tó jí lójú oorun?

Èyí ni mo ń bá Ìdáyátù sọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀,
Ìdáyátù tí ń lọṣọ lábẹ́ àtẹ̀gùn wa ní Bámgbóṣé.
Kò dáwọ́ dúró. Ó ní:
"Ẹ̀gbọ́n, orin kan, ṣẹ́ẹ̀tì kan.
Orin méjì, ṣòkòtò.
Agbádá gba márùn-ún, pẹ̀lú èyí tí mi ò fẹ́ràn.
Tí mo bá fi jáàsì yín lọṣọ,
kí ẹni yẹn tó ti ìdí iyọ̀ dé,
aṣọ oníbàárà á ti jóná."

Mo wá èsì. Mo ṣì ń wá a.

Ni wọ́n bá mú iná lọ.
Fóònù rẹ̀, tí bátìrì ti wú, tí kì í ṣiṣẹ́ láìsí wáyà, kú.
Ìdáyátù gbé áyọ̀ọ̀nù eléèédú, ó fẹ́ ẹ,
ẹyin iná yọjú.
Ó ń bá orin náà lọ nínú imú, láìní ọ̀rọ̀.
Ó dé ibi orúkọ ọmọge, ó fò ó.
Ó fa ìparí rẹ̀ gùn nítorí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì le,
ó já ohùn sí méjì níbi bọ́tìnnì,
ó padà síbi ìbẹ̀rẹ̀,
kò bá a níbi tó fi í sí.

Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ lára ògiri.
Mo mọ orúkọ ohun tó ń ṣe.
Mi ò sọ fún un.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì mi wá.
Lábẹ́ kọ́là, àmì iná kan, kò ju ẹyọ ẹ̀pà lọ.
Ó wo ojú mi.
Mo san owó rẹ̀ pé.